Láti Ìlọrin sí Jẹ́dà Nínú Bàálù: Kìlómítà Mélòó, Wákàtí Mélòó?

Lọ́dún tí ìyá wa lọ sí Mẹ́kà, wọ́n ti sọ fún wa pé wákàtí márùn-ún ni bàálù fi ń dé Jẹ́dà, ìlú Sáúdí tí bàálù àwọn tó ń lọ Mẹ́kà ti ń balẹ̀. Àwa tí a wà nílé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀. Nígbà tó fi máa di alẹ́ tí a kò gbọ́ ohùn wọn, àbúrò mi obìnrin ti ń sunkún, ẹ̀gbọ́n wa àgbà sì ń pe gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ̀. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń lọ ló padà gbé e. Ìyá wa ṣì wà ní Ìlọrin, wọ́n jókòó ti ẹrù wọn, fóònù wọn ló kú. Bàálù wọn kò tíì gbéra.

Kò sẹ́ni tó purọ́ fún wa. Òótọ́ ni wákàtí márùn-ún náà, àmọ́ wákàtí tí bàálù ń lò lójú òfúrufú nìkan ni, a wá fi í ka gbogbo ìrìnàjò. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń dá àwọn ará Ìlọrin, Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ọmù-Àrán lóhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí mi ò fẹ́ kí ilé ẹlòmíràn rí irú òru tí a rí. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Kìlómítà mélòó ni Ìlọrin sí Jẹ́dà?

Tí a bá kà á láti pápákọ̀ òfúrufú Ìlọrin dé pápákọ̀ Ọba Abdulaziz ní Jẹ́dà, nǹkan bíi kìlómítà 3,990 ni. Ẹ pè é ní 4,000, ẹ kò ṣì í. Ẹni tó bá ń fi máìlì ka ọ̀nà, bíi 2,480 ni tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń kọ́kọ́ gbé lọ sí Mẹ̀dínà, tiwọn gùn díẹ̀ sí i: bíi kìlómítà 4,140.

Kí ẹ lè fojú inú wo bó ṣe jìn tó, Ìlọrin sí Èkó lójú òfúrufú jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 245, Ìlọrin sí Àbújá sì jẹ́ bíi 310. Ẹni tó ń lọ Jẹ́dà dà bí ẹni tó lọ Èkó lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún láìpadà. Síbẹ̀, Jẹ́dà sún mọ́ wa ju Lọ́ńdọ̀nù lọ, nítorí láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù nìkan ti tó kìlómítà 5,000.

Orúkọ Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn, ọmọ Ìlọrin, ni wọ́n sọ pápákọ̀ wa. Orúkọ náà bá ibẹ̀ mu lójú tèmi. Háájì ni òun fúnra rẹ̀ lọ ní oṣù kẹjọ ọdún 1985 tí wọ́n fi gba ìjọba lọ́wọ́ òun àti Bùhárí, olórí ìjọba ológun tó jẹ́ igbákejì fún. Ó gbọ́ pé ìjọba ti bọ́, ó sì tún padà wálé.

Mo fi rúlà wọn máàpù, ohun tí mo rí kò bá èyí mu. Kí ló fà á?

Pẹrẹsẹ ni máàpù, ayé kò rí pẹrẹsẹ. Ẹ mú igbá kan, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ fi ẹfun sàmì sí ojú ibi méjì lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wá ta òwú láti ọ̀kan dé èkejì kó le dáadáa. Ibi tó kúrú jù lẹ́yìn igbá náà ni òwú yóò gbà. Bí wọ́n ṣe ń ka jíjìn pápákọ̀ méjì síra wọn nìyẹn. Ìlọrin wà ní dígírì 8.44 sí àríwá àti 4.49 sí ìlà-oòrùn. Jẹ́dà wà ní 21.68 sí àríwá àti 39.16 sí ìlà-oòrùn. Òwú tó bá so méjèèjì pọ̀ gùn tó dígírì 35.9 lẹ́yìn ayé, dígírì kọ̀ọ̀kan sì lé díẹ̀ ní kìlómítà 111.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wú mi lórí jù nínú ìṣirò yìí. Nígbà tí mo wá ọ̀nà tí òwú náà kọjú sí bó ṣe ń kúrò ní Ìlọrin, dígírì 64 ni mo rí, tí a bá ń kà á láti àríwá tòótọ́. Mo tún wá ti Mẹ́kà, ìyẹn gábàsì tí a ń kọjú sí tí a bá ń kírun: dígírì 65. Ọ̀nà kan náà ni. Ojú ibi tí ìyá àgbà tẹ́ ẹní ìrun wọn sí nínú yàrá ní Adéwọlé tàbí ní Ọ̀jà Ọba, tí wọ́n bá gbéra níbẹ̀ tí wọ́n sì ń lọ tààrà, ẹ̀gbẹ́ Jẹ́dà ni wọ́n máa já sí. Àwọn kan máa ń rò pé ìlà-oòrùn gan-an ni gábàsì wa. Ó yà kúrò ní ìlà-oòrùn gan-an sí apá àríwá ní bíi dígírì 25.

Wákàtí mélòó ni bàálù ń lò lókè?

Bíi wákàtí márùn-ún, tó bá gba ọ̀nà tààrà. Bàálù ńlá ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 850 ní wákàtí kan nígbà tó bá ti dé òkè, ní gíga kìlómítà 10 sí 12. Ẹ fi 850 pín 3,990, wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú ogójì ó lé díẹ̀ ni ẹ ó rí. Àmọ́ bàálù kì í sáré bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń gòkè àti nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ di márùn-ún. Bí bàálù ṣe tóbi tó kò fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Èyí tó ń kó èèyàn tó lé ní irínwó àti èyí tó ń kó ọgọ́jọ ò fi iṣẹ́jú púpọ̀ jura wọn lọ.

Aago mélòó ni níbẹ̀ tí aago bá lu mẹ́wàá lọ́dọ̀ wa?

Aago méjìlá. Wákàtí méjì ni Sáúdí fi ṣáájú wa, láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, nítorí orílẹ̀-èdè méjèèjì kì í sún aago wọn síwá sẹ́yìn bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe.

Ibí yìí ni àwọn ènìyàn ti ń ṣìṣe jù. Bàálù tó gbéra ní Ìlọrin ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ yóò balẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán lójú aago tiwa, àmọ́ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa bá lára ògiri ní Jẹ́dà. Ẹni tó bá wo tíkẹ́ẹ̀tì, tó rí 10:00 níbi ìgbéra àti 17:00 níbi ìbalẹ̀, á ní wákàtí méje ni. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá ń lọ, ẹ yọ méjì kúrò. Tí wọ́n bá ń bọ̀, ẹ fi méjì kún un.

Ṣé òótọ́ ni pé àbọ̀ máa ń pẹ́ ju àlọ lọ? Wọ́n ní torí pé ayé ń yí ni.

Ó sábà máa ń pẹ́ díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe torí yíyí ayé. Bí ayé ṣe ń yí, ó ń gbé afẹ́fẹ́ àti bàálù tó wà nínú rẹ̀ dání ni. Ẹ̀fúùfù ló ń ṣe é. Lókè lọ́hùn-ún, lórí aṣálẹ̀ Sàhárà, ẹ̀fúùfù líle kan máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ó sì le jù ní àsìkò ọyẹ́. Ó ń ti ẹni tó ń lọ lẹ́yìn, ó ń ti ẹni tó ń bọ̀ láyà. Nítorí náà, àwọn tó lọ Úmúrà (ìbẹ̀wò Mẹ́kà tí kì í ṣe ti Háájì) ní oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní lè fi bíi ààbọ̀ wákàtí pẹ́ jù lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wálé. Ní àsìkò òjò, ẹ̀fúùfù yẹn ń rọlẹ̀, ó sì ń sún sí àríwá, ìyàtọ̀ àlọ àti àbọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́.

Kí ló dé tí àwọn kan fi lo bíi wákàtí méje lọ́dún 2023?

Ogun Sùdáànì ni. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2023 ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Khartoum, wọ́n sì ti ojú òfúrufú orílẹ̀-èdè náà pa. Ẹ wo òwú tí a ta lẹ́yìn igbá lẹ́ẹ̀kan: ó gba àríwá Nàìjíríà kọjá, ó wọ Ṣáàdì, ó la Sùdáànì já láti ìhà Darfur dé Òkun Pupa, Jẹ́dà ló kàn. Tí wọ́n bá yọ Sùdáànì kúrò láàárín, bàálù ní láti yí po. Lọ́dún náà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbà, wọ́n ń yà sí ọ̀nà Kamẹrúùnù, Ùgáńdà, Kẹ́ńyà àti Ẹtiópíà kí wọ́n tó gòkè padà sí Òkun Pupa. Epo pọ̀ sí i, owó náà sì pọ̀ sí i. Torí náà, kí ẹ tó sọ fún ará ilé pé wákàtí márùn-ún ni, ẹ bèèrè ọ̀nà tí bàálù yín máa gbà.

Ọ̀nà Sùdáànì yìí kì í ṣe ọ̀nà tuntun. Kí bàálù tó dé, òun náà ni àwọn baba ńlá tó ń lọ Háájì láti ilẹ̀ wa àti ilẹ̀ Haúsá ń fi ẹsẹ̀ rìn: Borno, Ṣáàdì, Darfur, títí dé etí Òkun Pupa kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀pọ̀ wọn lo ọdún lójú ọ̀nà. Wọ́n á dúró dáko níbì kan kí wọ́n lè rí owó tẹ̀ síwájú, àwọn mìíràn bímọ síbẹ̀, àwọn mìíràn kò sì padà mọ́. Àtọmọdọ́mọ wọn ṣì wà ní Sùdáànì títí di òní, ogun yìí sì ká wọn mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú. Tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń ráhùn pé bàálù pẹ́ ní wákàtí méjì, àwọn wọ̀nyẹn ni mo máa ń rántí.

Ìgbà wo ni bàálù ń kọjá Mìkáàtì?

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí, nítorí ibí ni ìṣirò jíjìn ti kan ìjọsìn. Mìkáàtì ni ààlà tí wọ́n fi sí ọ̀nà Mẹ́kà. Ẹni tó ń lọ síbẹ̀ tààrà fún Háájì tàbí Úmúrà gbọ́dọ̀ ti wọ hàrámì, aṣọ ìjọsìn náà, kí ó sì ti dá àníyàn rẹ̀ kó tó kọjá ààlà yìí. Al-Juhfah, nítòsí Rabigh, ni wọ́n yàn fún àwọn tó ń ti ìhà Íjíbítì àti Màgíríbù (ìwọ̀-oòrùn àríwá Áfíríkà) bọ̀, ó sì jìnnà sí Mẹ́kà tó bíi kìlómítà 180. Ẹlẹ́sẹ̀ ń dé irú ibẹ̀, á dúró, á wẹ̀, á wọṣọ. Bàálù tó ń sáré 850 ní wákàtí kan ń rin kìlómítà 14 ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ìgbà tí ẹ bá fi máa dìde lọ sí ilé ìtura, tí ẹ bá ẹni mẹ́fà níwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí ẹ wá ń tú ṣòkòtò níbi tí apá kò ti lè nà, ojú Mìkáàtì ti kọjá lọ.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí àwọn ọkùnrin ti wẹ̀ kí wọ́n sì ti wọ aṣọ hàrámì wọn ní Ìlọrin kí wọ́n tó wọ bàálù. Àníyàn nìkan ló kù kí wọ́n dá lókè, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bàálù bá kéde. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ó lé díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéra ni kí etí yín ti là sílẹ̀, kí ẹ má sùn lọ. Ẹ sọ fún ẹni tó jókòó tì yín pé kó jí yín. Ibi tí ẹni tó ń gba orí Òkun Pupa wọlé ti máa dá àníyàn gan-an, áfáà yín ni kí ẹ bi kí ẹ tó kúrò nílé.

Èyí kò kan àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ sí Mẹ̀dínà. Aṣọ ilé ni wọ́n máa wọ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n bá ń kúrò ní Mẹ̀dínà lọ sí Mẹ́kà ni wọ́n máa wọ hàrámì ní Abyar Ali.

Báwo ni a ó ṣe mọ àkókò ìrun nínú bàálù?

Ẹ má fi aago ọwọ́ yín ṣe é. Ìlà-oòrùn ni ẹ ń lọ, ẹ ń sáré lọ pàdé alẹ́. Ní oṣù kẹfà, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago méje ní Ìlọrin, ó sì ń wọ̀ ní nǹkan bí aago méje ní Jẹ́dà, àmọ́ aago méje tiwọn ni aago márùn-ún tiwa. Bàálù tó bá gbéra ní Ìlọrin ní aago kan ọ̀sán, àwọn tó wà nínú rẹ̀ máa rí i tí ilẹ̀ ń ṣú nígbà tí aago Nàìjíríà ṣì ń sọ pé márùn-ún kọjá díẹ̀. Ìyá kan tí a jọ jókòó lọ́dún kan rò pé òjò ló ṣú. Mọ̀ǹgàríbì ló ti wọlé.

Tí wọ́n bá ń padà bọ̀ ní ọ̀sán, ọjọ́ á gùn ju bó ṣe yẹ lọ, Àlàásárì á sì pẹ́ kó tó kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ náà máa mọ̀ ọ́n lára. Ohun mìíràn tún ni pé ẹni tó wà lókè ń rí oòrùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tó ti wọ̀ fún àwọn tó wà nílẹ̀, torí náà ẹ wo ojú fèrèsé, ẹ má wo ìlú tó wà lábẹ́ yín. Ní ti gábàsì, iwájú bàálù ni nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni nígbà tí ẹ bá ń bọ̀.

Tí kì í bá ṣe àsìkò Háájì ńkọ́? Ṣé bàálù wà láti Ìlọrin?

Bàálù Háájì ló ń gbéra tààrà ní Ìlọrin. Ẹni tó ń lọ Úmúrà sábà máa ń lọ Èkó tàbí Àbújá, kó tó wọ bàálù tó máa yà sí ìlú mìíràn. Èkó sí Addis Ababa jẹ́ bíi kìlómítà 3,915, Addis Ababa sí Jẹ́dà jẹ́ bíi 1,410. Ti Káírò jẹ́ bíi 3,930, lẹ́yìn náà 1,220. Àwọn tó ń gba Istanbul ń gòkè lọ jìnnà kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ tó bíi 7,000. Àwọn tó ń gba Doha ń kọjá lórí Sáúdí lọ sí òdìkejì kí wọ́n tó padà, ìyẹn náà sún mọ́ 6,900.

Lójú tèmi, ẹ má jẹ́ kí owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan tàn yín jẹ tó bá jẹ́ pé àgbàlagbà ló ń lọ. Kìlómítà tó pọ̀ kì í dá ènìyàn lágara bíi dídúró nínú pápákọ̀ tí èèyàn kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Ẹ wo iye wákàtí tí wọ́n máa fi dúró láàárín bàálù méjì. Wákàtí mẹ́ta dára. Wákàtí kan kò tó fún ẹni tí orúnkún ń dùn, mọ́kànlá sì ti pọ̀ jù fún un.

Láti ẹnu ọ̀nà ilé wa dé Mẹ́kà ńkọ́, wákàtí mélòó ni gbogbo rẹ̀?

Èyí gan-an ló yẹ kí a ti bèèrè nílé wa lọ́dún yẹn. Ẹ fi ọ̀sán kan àti òru kan sílẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ ká kà á. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ọmù-Àrán tàbí Ọ̀fà máa kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ wá sí Ìlọrin. Wọ́n máa kó wọn jọ sí ọgbà àwọn alálàájì, wọ́n á yẹ ìwé ìrìnnà wò, wọ́n á yẹ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wò, wọ́n á gbé ẹrù sórí ìwọ̀n, èyí tó bá sì wúwo jù, wọ́n á ní kí wọ́n tú u. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó wọn lọ sí pápákọ̀, wọ́n á tún yẹ wọ́n wò. Èyí nìkan lè ju wákàtí tí bàálù máa lò lókè lọ. Tí bàálù bá pẹ́ ní Jẹ́dà kó tó wá gbé wọn, a ti lè sùn mọ́jú.

Wọ́n dé Jẹ́dà, wọ́n máa tò síwájú àwọn tó ń yẹ ìwé wò, wọ́n máa tẹ ìka, wọ́n máa wá ẹrù. Ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn alálàájì níbẹ̀, tí òrùlé rẹ̀ rí bí àgọ́ funfun, ti wà láti ọdún 1981. Ó fẹ̀ púpọ̀, àmọ́ bàálù láti gbogbo ayé ló ń balẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni bọ́ọ̀sì. Ọ̀nà Mẹ́kà kò jìn, kìlómítà bíi ọgọ́rùn-ún ni, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dúró lójú ọ̀nà kí wọ́n lè yẹ ìwé wò. Ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré ti wà láàárín Mẹ́kà, Jẹ́dà àti Mẹ̀dínà láti ọdún 2018, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń kó ọ̀pọ̀ àwọn tó bá ẹgbẹ́ lọ.

Nítorí náà, kí oògùn ìfúnpá àti ti ìtọ̀ ṣúgà wà nínú báàgì ọwọ́, èyí tó tó ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n má fi sínú ẹrù ńlá. Kí wọ́n dìde rìn díẹ̀díẹ̀ nínú bàálù kí ẹsẹ̀ má baà wú.

Mo ń wo bàálù wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣàdédé pòórá! Ṣé kò sí nǹkan?

Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ ló ń gba àmì tí bàálù ń fi ránṣẹ́, tó ń gbé e sórí máàpù tí ẹ ń wò nínú fóònù. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní aṣálẹ̀ Ṣáàdì àti Sùdáànì. Bàálù ń lọ ní tirẹ̀, fóònù yín ni kò rí i. Ó sábà máa ń yọ padà tó bá sún mọ́ Òkun Pupa.

Ìgbà wo ni kí á wá pàdé wọn ní pápákọ̀ tí wọ́n bá ń bọ̀?

Ẹ dúró kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún sọ fún yín pé bàálù ti gbéra. Kì í ṣe pé wọ́n ti dé pápákọ̀, kì í ṣe pé wọ́n ti wọlé jókòó. Pé ó ti gbéra. Tó bá gbéra ní Jẹ́dà ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ti ibẹ̀, aago mẹ́jọ ni lọ́dọ̀ wa. Ẹ fi wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ kún un, aago kan àbọ̀ ọ̀sán nìyẹn. Wọ́n á tún lo bíi wákàtí kan tàbí méjì nídìí ẹrù. Tí ẹ bá kúrò ní Ọmù-Àrán ní aago méjìlá, ẹ máa bá wọn. Ẹ gbé omi tútù dání àti àga kan tó ṣeé ká, nítorí ìyá máa fẹ́ jókòó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan.